Omi Tí Mardiyah Kò Sè

Ìyá Mardiyah ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá kó tó tún yíjú padà. Ó ní kí Mardiyah má gbàgbé o, kó se omi kànga yẹn kí Yahya tó mu nínú rẹ̀. Mardiyah ní òun ti gbọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Mardiyah. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Yahya àbúrò rẹ̀. Ní ilé tí wọ́n ń gbé ní Ìkòtún, kànga àti ṣalángá ń wo ara wọn lójú bí orogún.

Mardiyah da álọ́ọ̀mù sínú omi, ìdọ̀tí sì rọ̀ sísàlẹ̀ garawa. Bó ṣe fẹ́ gbé ìkòkò kaná ni Fàdìlàt ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé, tó ní àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ń dúró láti ya fídíò ijó.

"Omi tó mọ́ báyìí, kí lo tún fẹ́ sè nínú ẹ̀? Àbí ẹran wà níbẹ̀ ni?"

Mardiyah rẹ́rìn-ín. Ó bu ife kan fún Yahya, ó fà á lọ́wọ́, wọ́n sì lọ.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Ọ̀gbẹ́ni Dáníẹ́lì, tíṣà bàọ́lọ́jì wọn, fi iṣẹ́ bíríkìlà tí bàbá Mardiyah ń ṣe kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ìfun tò bíi búlọ́ọ̀kù: wọ́n kọjú sí oúnjẹ, wọ́n kẹ̀yìn sí ẹ̀jẹ̀, ohun kan sì so wọ́n pọ̀ bíi sìmẹ́ǹtì. Kòkòrò ìgbẹ́ ọ̀rìn, ìyẹn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tó ń ti inú omi tí a kò sè wá, kì í sábà ráyè gba iwájú wọlé. Yóò yọ́ kọjá sẹ́yìn ògiri, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ́, ibẹ̀ ni yóò ti wọ inú sẹ́ẹ̀lì, tí yóò sì máa tú sìmẹ́ǹtì náà. "Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀," ni tíṣà wí, "ṣùgbọ́n aláǹgbá tiwa yìí, òun fúnra ẹ̀ ló ń la ògiri lẹ́nu."

Ní ọjọ́ kẹta, Yahya bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Ìyá wo ọmọ, ó wo Mardiyah.

"Ṣé o se omi yẹn?"

"Mo sè é, Mọ́mì."

Ìyá gbà á gbọ́. Bí kì í bá ṣe omi, a jẹ́ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. Súìtì ti pọ̀ jù lẹ́nu ọmọ. Ó ra àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń fún un mu, ó ń kì í: "Àlàó, ọmọ Ajílété, dìde jàre." Ó ń kì í, ó ń gbàdúrà. Ọjọ́ méjì gbáko ni Mardiyah fi mọ orúkọ àìsàn náà tí kò lè pè é, torí bó bá pè é, irọ́ rẹ̀ yóò tú.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù, dókítà ní ó ti pẹ́ jù. Yahya di ìka ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. "Àǹtí mi, omi," ló wí. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Wọ́n sin ín kí wọ́n tó kírun alásàrí. Sìmẹ́ǹtì ṣì wà lẹ́sẹ̀ Bàbá tó sáré ti ibi iṣẹ́ dé.

Ní ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n sin Yahya, Mardiyah kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. "Mọ́mì, mi ò sè é."

Ìyá kò nà án. Ó ní, "Ti omi, mo ti dárí ẹ̀ jì ọ́. Ti ọjọ́ méjì tí o fi dákẹ́ yẹn, mo ṣì ń bẹ Ọlọ́run pé kó ràn mí lọ́wọ́."

Ìbéèrè nípa ògiri ìfun jáde nínú ìdánwò. Mardiyah gba gbogbo máàkì rẹ̀. Kò fi ìwé náà han ẹnikẹ́ni nílé.

Ẹ̀yin ọmọ, omi lè mọ́ lójú kó gbé ikú sínú. Bí ẹsẹ̀ bá sì ti yọ̀, ẹ tètè sọ òtítọ́: àṣìṣe nìkan kọ́ ló pa Yahya, ìmọ̀ tó dákẹ́ wà níbẹ̀.