Ojú Ìwé Kejì

"Kà á sókè, kí etí mi gbọ́ ọ," ni Màmá Àgbà wí. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó kọjú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún un mọ́. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti ṣú bí dígí tí èéfín bò. Ọjọ́ kejì ni dókítà yóò ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ló mú fóònù dání. Kíámọ́sá ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí pé kò sí ohun tí kì í fi ìkánjú ṣe. A máa jẹun bí ẹni tí wọ́n ń lé, a máa fọ àwo bí ẹni tó ń bá omi jà. Fóònù náà kì í ṣe tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ni ín, aránṣọ tó ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ní yàrá kejì. Orí fóònù yìí ni ilé ìwòsàn fi ìwé ìtọ́ni ránṣẹ́ sí, ìyá sì ti sọ pé, "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n ṣí. Kà á fún màmá mi, má sì fo nǹkan kan o."

Kíámọ́sá tẹ ìwé náà, áàpù gbé e jáde. Bó ti ń ka ìlà àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lókè ojú fóònù. Wọ́n ń yan ẹni tí yóò ṣe olórí àwọn sárésáré ilé ìwé wọn. *Níbo lo wà? Wọ́n ti ń dìbò o! Tí o ò bá yọjú, Ẹlẹ́sẹ̀-Gígùn ló máa gbà á mọ́ ẹ lọ́wọ́.*

"Ẹ fọ irun yín dáadáa," ni Kíámọ́sá ń kà lọ, ẹnu rẹ̀ ń yára. "Ẹ má kun nǹkan kan sójú. Kí ẹnì kan tẹ̀ lé yín wá. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ẹ mu gbogbo oògùn tí ẹ ń lò."

Ibẹ̀ ni ojú ìwé náà parí sí. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò fi àmì ohùn kankan sí i, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣe lórí fóònù. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ohun kan wà níbẹ̀ tó kéré bí èèrà: *ojú kìíní nínú mẹ́ta*. Kí ó kàn fi ìka ti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, ojú kejì á yọ. Kíámọ́sá rí i. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún já bọ́ lókè.

"Ó tán, Màmá."

"Ó tán kẹ̀? Ìwé ilé ìwòsàn ló kúrú báyìí?"

"Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́, Màmá. Ayé ti yí padà."

Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín. "O ṣeun, ọkọ mi. Tí ojú yìí bá ti là, ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ bí ni màá kọ́kọ́ wò. Mo ti gbé e pọ̀n, mo ti wẹ̀ fún un, àmọ́ mi ò mọ ojú ẹ̀. Kí wọ́n sì tó kó lọ lópin ọ̀sẹ̀ yìí, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n." Ìlú òkèèrè ni wọ́n gbé iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n Kíámọ́sá lọ, tìyàwó tọmọ ni yóò sì kó lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá Àgbà gbé agolo oògùn rẹ̀ lé ẹsẹ̀. "Kíámọ́sá! Gbogbo ẹ̀ lo wí, àbí? Títí kan èyí tí mo máa ń lò lálẹ́?"

Nǹkan kan ta ọmọbìnrin náà lọ́kàn. Ṣùgbọ́n tí ó bá ní òun fẹ́ tún un wò, wọn yóò bi í pé kí ló ń kà lánàá. "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́, Màmá."

"Sáré lọ bá wa dá ọkọ̀ dúró ní títì," ni ìyá rẹ̀ ké láti ìdí ẹ̀rọ. "Mú fóònù dání. Mo fẹ́ parí apá aṣọ yìí kí a tó jáde."

Létí títì, Kíámọ́sá ṣí fóònù láti wo bí ìbò ti lọ. Ìwé ilé ìwòsàn ló yọ sí i, níbi tó fi í sí gan-an. Ó fi àtàǹpàkò gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó lè kúrò lójú rẹ̀, ni ojú kejì bá wọlé dé: *wa si ile iwosan ki dokita le ri won. E ma fi okankan kan enu laaro yii.*

Kò kọ́kọ́ yé e. Ó padà sí ojú kìíní, ó tún wá sí ojú kejì, ó so wọ́n pọ̀. Ẹ mú gbogbo oògùn tí ẹ ń lò wá sí ilé ìwòsàn. *Mú* ni, kì í ṣe *mu*! Kí wọ́n gbé e wá ni wọ́n wí, wọn ò ní kí wọ́n gbé e mì.

Ta ni kó pè? Fóònù kan ṣoṣo tó wà nílé ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí. Ó ta kìjí, ó sáré. Eré tó sá lọ́jọ́ náà, kò sí olùdíje tó lè bá a. Àtẹ̀gùn ilé ṣì tutù, obìnrin tó ń nù ún sì figbe ta: "Ṣé wọ́n ń lé ẹ ni? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ibẹ̀!" Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, orúnkún rẹ̀ gbá àtẹ̀gùn, ó dìde. Ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ igbe tó ń ké bọ̀.

"Màmá, ẹ má mu ún!" ni ó ké bó ti já wọ yàrá.

Màmá Àgbà gbé ife sílẹ̀. "Ó ku méjì péré, ọmọ mi. Mo kàn ní kí n sinmi díẹ̀ ni."

Ẹ̀rọ dákẹ́ ní yàrá kejì. Ìyá yọ sẹ́nu ọ̀nà, òwú rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mi ò kà á tán," ni Kíámọ́sá wí.

Kí ọkọ̀ tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn, ọrùn Màmá Àgbà ti ń yẹ̀. "Ilẹ̀ ń yí mi," ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ arúgbó náà, ojú nọ́ọ̀sì yí padà. "Ó ti wálẹ̀ jù! Ta ló ní kí wọ́n lo oògùn?"

Èsì kan ti dé orí ahọ́n Kíámọ́sá: *Ẹ̀yin lẹ ò fi àmì sí i.* Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni, ó sì mọ ibi tí ìdajì tó kù wà.

"Èmi ni, mà. Mo rí i pé ó ku ojú ìwé méjì. Mo parọ́ fún Màmá pé ó tán." Ó na agolo sí nọ́ọ̀sì. "Àwọn méjì yìí nìkan ni wọn ò tíì mu. Wọ́n gbé gbogbo ìyókù mì, títí kan ti alẹ́."

"O ṣeun tó o sọ ọ́," ni nọ́ọ̀sì wí, ó ti ń fa okùn omi tí wọ́n fẹ́ fi sí Màmá Àgbà lápá. "Àìmọ ohun tí aláìsàn gbé mì ni ì bá dá wa dúró. Àwa náà máa tún ìwé yẹn tẹ̀."

Títí di ìrọ̀lẹ́ ni ìyá jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo omi tó ń kán tó, tó. Àwọn ọ̀rẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé Kíámọ́sá ló wọlé. Kò tilẹ̀ ṣí i. Nígbà tó yá, dókítà ní ewu ti kọjá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ di oṣù tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n ń kó lọ, ó gbé ọmọ wá kí Màmá Àgbà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Arúgbó náà gbé ìkókó lé àyà. Ó fi ìka wá iwájú orí, ó wá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní:

"Kíámọ́sá, bá mi wò ó."

Omi bọ́ lójú ọmọbìnrin náà. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó sọ bí irun orí ti lọ́ sí ẹ̀yìn, bí ìpéǹpéjú ti gùn, bí etí ọ̀tún ti nà ju ti òsì lọ díẹ̀, bí ètè ìsàlẹ̀ ti ń gbọ̀n lójú oorun. Kò kánjú. Ọlọ́kọ̀ ń fun fèrè níta, ẹ̀gbọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà, síbẹ̀ kò fo nǹkan kan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá ń kàwé fún ẹlòmíràn, ojú ara rẹ̀ ló yá onítọ̀hún. Bí ó bá fo ibì kan nítorí ìkánjú, ọ̀nà ẹni ẹlẹ́ni ló sọ di ọ̀fìn.