Owó Orí Ilé Tí Kì Í Ṣe Tirẹ̀

Ẹni tó ń ṣọ́ òrùlé ẹlòmíì kì í mọ ìgbà tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ọ̀rẹ́ mi, fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn Bọ́dúnrìn Ògúndèyí, tó ń ta símẹ́ńtì ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ilé ilẹ̀ ni Bọ́dúnrìn kọ́, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí náírà ṣì lágbára, Albert, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà, tí wọ́n sì jọ ń gbé ìlú náà, ra pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí Lọ́ńdọ̀nù. Láti ìgbà náà, bí ẹbí bá pé jọ, wọ́n á ní, "Onílé Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ Alárè, ọmọ Awùjalẹ̀, ẹ káàbọ̀ o!" Bọ́dúnrìn tó jẹ́ àgbà ńkọ́? "Ẹ ǹlẹ́ níbẹ̀ yẹn."

Ìlara, àlejò tí í jẹ onílé kó tó jẹ oúnjẹ! Ìlara, iná abẹ́ aṣọ, a-jóni-má-yọ-èéfín!

Bọ́dúnrìn kò dé Lọ́ńdọ̀nù rí, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ti ibẹ̀ bọ̀ tí kì í bi léèrè: Fèrèsé mélòó ni ilé Albert ní? Ṣé lóòótọ́ ló ní ọgbà lẹ́yìn?

Mọ́ṣádé, ìyàwó rẹ̀, a máa sọ pé, "Bàbá Bùsọ́lá, ọbẹ̀ yín ti tún dì. Ṣé ilé onílé lẹ fẹ́ jẹ yó ni?"

Nígbà tó yá, náírà já wálẹ̀. Albert wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, mo fẹ́ ta ilé yẹn. Ẹ gbé ibẹ̀ o, ẹ ò gbé ibẹ̀ o, káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ wọn, á gba owó orí ilé. Pọ́n-ùn ni wọ́n ń gbà, náírà ni mo ń pa. Mo ti gbé e fún Olúwa, ọkàn mi sì fúyẹ́."

"Ó mà ṣe o," ni Bọ́dúnrìn wí. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀, ijó ayọ̀ ló ń jó.

Kò pẹ́ tó fi pe bíríkìlà pé kí wọ́n gbé òkè lé ilé òun. Òun nìkan ni yóò kù tí wọn yóò máa kí ní onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì!

Mọ́ṣádé ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ìpìlẹ̀ ilé ilẹ̀ kì í gbé òkè?"

"Ṣé ìwọ ló ń ta símẹ́ńtì ni, àbí èmi?"

Wọ́n gbé òkè náà lé e. Òjò ńlá kan wá rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Òkè náà wó, ó sì há ẹsẹ̀ Mọ́ṣádé mọ́lẹ̀. Albert ló fi mọ́tò gbé e lọ sí ọsibítù. Albert ló kó wọn sílé, tó fi yàrá ara rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn.

Bọ́dúnrìn jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì tí àbúrò rẹ̀ fi sílẹ̀ fún wọn, ó ń sunkún. "Albert, o ò mọ ohun tí mo ń rò sí ọ."

"Mo mọ̀, Bọ̀ọ̀dá. Ojú yín ò mọ irọ́ pa. Èmi san owó orí ilé yẹn nítorí pé tèmi ni. Ẹ̀yin tí ẹ ò ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀yin náà ń san án. Ẹ fi oorun san án, ẹ fi ìfẹ́ ọmọ bàbá kan náà san án. Lónìí, ó kù díẹ̀ kí ẹ fi ìyàwó yín san án. Èmi ta tèmi, mo bọ́. Ta ni yóò yọ ẹ̀yin?"

"Ṣé Jésù lè gba irú mi?"

"Irú yín ló tìtorí ẹ̀ kú."

Àgbà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Jésù, mi ò ní ìpìlẹ̀. Gbà mí."

Ó sì gbà á. Títí di òní, ilé ilẹ̀ ni ilé Bọ́dúnrìn. Bí ẹbí bá pé jọ, òun ló ń kọ́kọ́ ki àbúrò rẹ̀, tí kò nílé ní Lọ́ńdọ̀nù mọ́: "Ọmọ Alárè, ọmọ Awùjalẹ̀!" Mọ́ṣádé ṣì ń tiro díẹ̀, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ rẹ̀ kì í dì mọ́ kí ọkọ rẹ̀ tó jẹ ẹ́.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ilé ta ni ìwọ ń san owó orí rẹ̀? Mọ́tò ta ni? Ọmọ ta ni? Ẹ̀ṣẹ̀ kì í dáwọ́ gbígbà dúró, ọkàn rẹ ni yóò sì gbà kẹ́yìn. Jésù ti fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ san tìrẹ tán. Kúnlẹ̀ síbi tí o wà yẹn, kí o pè é. Ṣe é lónìí, ọ̀rẹ́ mi. Òjò ti ṣú.