Fẹ́sípà Orie Lórí Ìkùukùu

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan ni mo kọ́kọ́ rí Orie, ní gbọ̀ngán àwọn àgbà tó wà nísàlẹ̀ òkè wa ní Onomichi. Dókítà ló ní kí n máa lọ síbẹ̀ kí ọpọlọ mi má baà sùn. Ogójì ọdún ni mo fi jó irin níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Mi ò gbé ìyàwó rí, mi ò sì fẹ́ràn eré. Wọ́n fi mí jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n fi ohun ìdarí lé mi lọ́wọ́.

Eré ìje ni. Wọ́n pín ojú tẹlifíṣọ̀n sí méjì, apá òkè fún ẹnì kan, apá ìsàlẹ̀ fún ẹnì kejì. Obìnrin tó jókòó tì mí yan fẹ́sípà kékeré kan, funfun bíi wàrà, ó ní kí èmi náà mú irú rẹ̀.

A gbéra. Ọ̀nà náà gba orí ìkùukùu, òṣùmàrè wà lábẹ́ táyà. Fẹ́sípà náà ń léfòó bí ìyẹ́. Ara mi fúyẹ́, bíi pé wọ́n bọ́ ẹrù ogójì ọdún kúrò lórí mi.

"Ẹ wò ó!" ni mo kígbe. "Mo ti ya gbogbo wọn sílẹ̀!"

"Ta ló ya gbogbo wọn sílẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀gbọ́n, tèmi lẹ ń wò láti àárọ̀. Tiyín rèé nísàlẹ̀, ó ń fi orí gbá ògiri."

Onoda, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ gẹ̀rígẹ̀rí, pariwo láti ẹ̀yìn: "Jórinjórin, ṣé o fẹ́ jó ògiri yẹn pọ̀ ni?"

Gbogbo gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi, mo dìde, mo lọ sílé. Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, mo dé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

Kuwada Orie lorúkọ rẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, ọkọ rẹ̀ ti kú lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn.

"Kí ló dé tí ẹ kì í mú ọkọ̀ mìíràn?" ni mo bi í lọ́jọ́ kan. "Àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbá fẹ́sípà yìí dànù."

"Ó máa ń ṣubú, lóòótọ́. Àmọ́ kò sí èyí tó ń tètè gbéra bíi tiẹ̀."

Ó ní òun gun ọ̀kan nígbà ọmọge, ní oko ọsàn bàbá òun ní erékùṣù. Nígbà tí òun wọlé ọkọ, ìyá ọkọ tà á, ó ní ìyàwó ilé Kuwada kì í jókòó bẹ́ẹ̀ yẹn. Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín gun àtẹ̀gùn lọ sílé. Ìrọ̀lẹ́ kan, kùrukùru bo òkun, àwọn erékùṣù dà bíi pé ojú sánmà ni wọ́n so mọ́. A dúró.

"Orie, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"O kàn sọ ọ́ bí ẹni tó ń pe orúkọ níbi iṣẹ́."

"Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n sọ nìyẹn."

"Ó dáa, olówó orí mi tí kò tíì sanwó. Tún un sọ."

Mo tún un sọ.

Mizuho, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ni kò gbà ká fẹ́ra. Lọ́dọ̀ wa, orúkọ ìdílé tí obìnrin bá jẹ́ kú ló ń sọ ibojì tí wọ́n ó kó egungun rẹ̀ sí. Bí Orie bá fẹ́ mi, yóò fi orúkọ Kuwada sílẹ̀, yóò máa jẹ́ Nishizono, orúkọ ìdílé tèmi. Orie sì ti sọ fún mi pé òun kò ní fẹ́ mi láìjẹ́ pé ọmọ òun fọwọ́ sí i.

Ọjọ́rú kan ni Mizuho wọ ọkọ̀ ojú irin láti Hiroshima, ó wọlé bá wa ní gbọ̀ngán.

"Màámi, ẹ dìde, ká lọ. Àwọn èèyàn ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́."

"Jẹ́ kí wọ́n ṣe é."

"Tí ẹ bá di ìyàwó ilé Nishizono, ta ni yóò wà pẹ̀lú bàbá mi nínú ibojì? Ṣé kó dá sùn títí láé ni?"

Orie gba ohun ìdarí lọ́wọ́ mi, ó nà án sí ọmọ rẹ̀. "Bá mi sáré lẹ́ẹ̀kan, kí o tó bú mi tán."

Mizuho fìbínú jókòó, ó mú ọkọ̀ tó tóbi jù lọ. Ó gbá fẹ́sípà ìyá rẹ̀ ṣubú kúrò lórí ìkùukùu, ó tún gbá a, ó tún gbá a.

"Ọmọ burúkú!" Orie ń pariwo, omijé ẹ̀rín ń dà lójú rẹ̀. "Ìwọ tí mo tọ́! Dúró dè mí, mò ń bọ̀ wá bá ọ!"

Mizuho gbé ohun ìdarí sílẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ìyá rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi.

"Mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n pariwo báyìí rí, láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi." Ó ti ohun ìdarí náà sọ́dọ̀ mi. "Ẹ fẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kú, a ó pín egungun wọn. Apá kan fún bàbá mi, apá kan fún yín."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọnú egungun tèmi. Mo ní mo gbà.

A fọwọ́ síwèé ní ọ́fíìsì ìjọba ìlú, a sì jẹ ìrẹsì pẹ̀lú ẹja pupa, àwa mẹ́ta péré. Ọdún mẹ́rin ni mo fi bá Orie gbé. Nígbà míì mo máa ń jí lọ́sàn-án, kí n rí i lẹ́bàá fèrèsé, kí n má sì mọ̀ bóyá mo ti jí.

Ọkàn rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún yìí.

A máa ń sun òkú lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí iná ti ṣe tirẹ̀ tán, wọ́n gbé egungun rẹ̀ wá síwájú èmi àti Mizuho, ìkòkò méjì wà lórí tábìlì. A ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì-méjì, irú èyí tí a fi ń jẹun, ṣà wọ́n, èmi àti òun jọ ń gbé egungun kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan síbí, ọ̀kan sọ́hùn-ún. Ó wá ku egungun ọrùn kékeré, èyí tó dà bí ẹni tó jókòó tó ń gbàdúrà. Ọ̀kan ṣoṣo ni. Ìkòkò tó bá wọ̀, ibẹ̀ ni a kà sí ilé olóògbé.

Mo kọrí igi mi sí ìkòkò Kuwada. Igi Mizuho kò tẹ̀ lé tèmi.

"Kì í ṣe ibẹ̀," ló wí.

"Àdéhùn ni pé bàbá rẹ kò ní dá sùn."

"Mo ní ká pín in. Mi ò ní ká pín in dọ́gba." Ó darí igi tirẹ̀ sí ìkòkò tèmi. "Bàbá mi kò ní bínú. Ẹ mú wọn lọ sílé."

Àwa méjèèjì gbé e pọ̀, a rọra sọ ọ́ sínú ìkòkò tèmi. Mo dé e. Mo gbé e mọ́ àyà.

Ó ṣì gbóná.