Omi Inú Orúnkún Ìyá Bo-ram

Omi tí Dókítà Pyo fà jáde nínú orúnkún Ìyá Bo-ram ń rùn bí òkun. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, nítorí pé obìnrin tó ti ń bá ìgbì jà láti kékeré yìí, ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà á bí ọmọ ọwọ́. Omi orúnkún a máa pọ́n, a sì máa ki bí òróró. Bẹ́ẹ̀ ni tèmi rí nígbà tí wọ́n fà á. Ti Ìyá Bo-ram mọ́ gaara. Dókítà gbé e sókè síbi iná, ó wò ó títí, ó rọra fi imú sí i. Iyanrìn dúdú kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bíńtín báyìí.

"Ìyá, ṣé nǹkan kan ti gún yín lórúnkún rí?" Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Rárá o, ọmọ mi."

Dókítà da omi náà nù, ó sì fún un ní abẹ́rẹ́ tó tìtorí rẹ̀ wá.

Ní erékùṣù Jeju wa níbí, kò sí obìnrin amòòkùn kan tó ti dàgbà tí kò mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn Dókítà Pyo. Òkun ń fún wa ní ìgbín òkun àti ewé inú omi, ó sì ń gba oríkèé ara wa dípò. Ọjọ́ tí òkun bá ń bínú, a ó kó ara wa sínú bọ́ọ̀sì, ó di ọ̀dọ̀ dókítà, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ la òun. Èyí tí a ń pè ní abẹ́rẹ́ egungun wà, tó máa ń pa ìrora kíákíá, ṣùgbọ́n dókítà kì í fẹ́ fún ni léraléra. Èyí tó fún Ìyá Bo-ram ni èyí tó ń mú kí oríkèé yọ̀. Wọ́n ní inú ogbe orí àkùkọ ni wọ́n ti ń yọ ọ́.

"Bí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ láàárọ̀ ọ̀la, má wá jí mi o," mo sọ fún un nínú bọ́ọ̀sì.

"Bí mo bá kọ, ìwọ ni màá kọ́kọ́ lé kiri àgbàlá, àgbébọ̀ burúkú."

Kì í ṣe ìrora nìkan ló gbé e débẹ̀. Bo-ram, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ ní Seoul, ó padà wálé, ó ní òkun ni òun fẹ́ máa ṣe. Ọmọ náà mọ omi wẹ̀, ṣùgbọ́n ó lójú kòkòrò. Bí ó bá rí ìgbín òkun ńlá lára àpáta, kì í rántí pé èémí ń tán. Irú ojúkòkòrò yẹn ló ń pa amòòkùn. Ìyá rẹ̀ fẹ́ máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lábẹ́ omi, kí ó lè máa fà á sókè. Orúnkún òsì ni kì í jẹ́ kó lè máa lọ déédéé.

Orúnkún yẹn ti ń dà á láàmú láti ọdún tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Mal-suk, ti rì lójú rẹ̀. Aṣọ òwú funfun la fi ń mòòkùn nígbà náà, aṣọ rọ́bà kò tíì dé. Òkun kò dá òkú Mal-suk padà. Ìrora náà sì ní ìṣe tirẹ̀. Kì í dé lójoojúmọ́. Ṣe ni yóò di ẹ̀yìn orúnkún náà mú gírígírí, bí ẹni pé ọwọ́ tútù kan dì í. Ọjọ́ tó bá rí bẹ́ẹ̀, Ìyá Bo-ram kì í wọ omi, kì í sì í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọ̀ ọ́. Ojú òkun lè tẹ́ rẹrẹ bí ẹní. Kí oòrùn tó yẹ̀, ìṣàn abẹ́ omi á ti yí padà, á máa gbá ènìyàn lọ. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé orúnkún rẹ̀ mọ̀ ju rédíò lọ.

Abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́. Ìrora náà lọ pátápátá. Ìyá Bo-ram ń sọ̀kalẹ̀ orí àpáta láìdi nǹkan kan mú, inú wa dùn bí ẹni gba ẹ̀bùn. Òun nìkan ni inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn.

"Ìyá Du-ho," ó rọra sọ fún mi, "ó ń ṣe mí bí ẹni pé ẹnì kan kó jáde nílé."

Oṣù kejì wọlé, ìgbà tí òrìṣà afẹ́fẹ́ máa ń bẹ̀ wá wò. Lọ́jọ́ ọdún rẹ̀, olúkúlùkù wa a máa di ìrẹsì sínú bébà funfun, a ó sì jù ú sókun. A ó kọ́kọ́ fún ọba òkun. Lẹ́yìn náà, a ó ju ti àwọn alààyè ilé wa sí ọwọ́ ọ̀tún, kí ọba òkun lè dá wọn mọ̀, kí ó máa dá wọn padà. Ti àwọn tó kú sómi, ọwọ́ òsì ni, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sì máa lọ. A kì í pa wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ọwọ́ ọ̀tún ni Ìyá Bo-ram máa ń ju ti Mal-suk sí. "N ò rí òkú ẹ̀gbọ́n mi," á ní. "Ta ló sọ fún yín pé ó kú?"

Lọ́dún yẹn, ó di ti Mal-suk mọ́ àyà títí.

"Ara mi ti fúyẹ́," ó ní. "Yóò ti rẹ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí ó lọ sinmi."

Ó jù ú sí ọwọ́ òsì. Ọ̀pọ̀ nínú wa sunkún, a ní ọkàn rẹ̀ ti gbà wàyí. Èmi náà fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́. Bébà tàwọn yòókù rì lójú ẹsẹ̀. Ti Mal-suk ń lọ lórí omi, ó dojú kọ afẹ́fẹ́, ó ń lọ, títí ojú wa kò fi ká a mọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà, òkun dákẹ́ rọ́rọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan. A wà nínú àgọ́ tí a ti ń yáná.

"Orúnkún ńkọ́?" mo bi í.

"Kò sọ nǹkan kan."

Bo-ram ń de bẹ́líìtì òjé tó ń mú amòòkùn rì mọ́ ìdí, ó rẹ́rìn-ín. "Màámi, ẹ jẹ́ kí orúnkún yín fẹ̀yìn tì, ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba tó."

"Ìwọ ṣáà má jìnnà sí mi."

"Mo ti gbọ́, ọ̀gá."

A wọ omi. Bí amòòkùn bá yọ orí, èémí rẹ̀ a máa dún bí súfèé. Ti Bo-ram tín-ín-rín, mo mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Mo gbọ́ ọ, mo tún gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà n kò gbọ́ ọ mọ́. Léfòó rẹ̀, bọ́ọ̀lù tí amòòkùn máa ń fi sílẹ̀ lórí omi, ń yí lójú kan. Kí n tó pariwo, ìyá rẹ̀ ti mòòkùn lọ wá a. Nígbà tí a fa ìyá náà sókè sínú ọkọ̀ ojú omi, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Wọ́n wá Bo-ram títí, wọn kò rí i.

Nínú àgọ́, Ìyá Bo-ram fi ẹnu sí mi létí.

"Mo rí ẹ̀gbọ́n mi. Aṣọ òwú rẹ̀ ló wọ̀. Ìṣàn ń gbé Bo-ram lọ níwájú rẹ̀ báyìí, bí ó bá nawọ́, ọwọ́ rẹ̀ á tó o. Mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi mú un. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé ṣe ń wo onílé. Ó sì kẹ́yìn sí mi." Ó di apá mi mú. "Ìyá Du-ho, òun ló ń di orúnkún mi mú ní gbogbo ọdún yẹn. Mo jẹ́ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fà á jáde. Mo tún fi ẹnu ara mi sọ pé ó ti kú."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ó padà lọ bá Dókítà Pyo, ó kúnlẹ̀, ó ní kí ó dá ìrora òun padà. Dókítà, ọmọlúàbí ènìyàn, kúnlẹ̀ tì í, ó ń sunkún. "Ìyá, a kò ní abẹ́rẹ́ tó ń ṣe ìyẹn." Ó dùn mí débi pé n kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ọdún òrìṣà afẹ́fẹ́ tún yípo, Ìyá Bo-ram di ìrẹsì ọmọ rẹ̀ sínú bébà. Gbogbo wa ń wò ó. Àwòrò wa arúgbó rọra nawọ́ sí ọwọ́ òsì. Ìyá Bo-ram ṣe bí ẹni tí kò rí i, ó jù ú sí ọwọ́ ọ̀tún.

A ń gun àpáta bọ̀ wálé nígbà tó dúró lójijì. Orúnkún ọ̀tún ni, èyí tí kò dùn ún rí. Ó kérora, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹ̀yìn orúnkún náà, níbi tí ṣòkòtò rẹ̀ ti rin gbingbin.

"Jẹ́ ká lọ rí dókítà," ni mo wí, mo sì nawọ́ láti gbé e dìde.

"Má fọwọ́ kàn án!" Omijé ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Jọ̀ọ́, má fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ ọmọ mi kéré sí ti ẹ̀gbọ́n mi."