Ta Ló Jí Agogo Ṣọ́ọ̀ṣì?

Olè ń jí adìyẹ, olè ń jí rédíò, ṣùgbọ́n agogo ilé Ọlọ́run kẹ̀? Háà! Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan lọ́dún 1988 ni ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ rí i pé agogo idẹ wọn, tí àwọn míṣọ́nnárì kọ "Ogo ni fún Ọlọ́run" sí lára, ti pòórá.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Olúyẹmí gun àkàbà lọ wo ibi tó wà. Wọn ò fi ayùn rẹ́ nǹkan kan. Ńṣe ni wọ́n fi jẹ́jẹ́ tú àwọn bóòtì irin tó dè é mọ́ òpó, wọ́n fi gírísì ra wọ́n, wọ́n sì tò wọ́n sílẹ̀.

"Olè wo ló ń palẹ̀ mọ́ báyìí?" ló bi ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá Alhaja Mùínàt, tó máa ń kó idẹ wọlé láti òkè òkun.

"Èmi kẹ̀?" Alhaja figbe ta. "Ìjọba ti fi kún owó ibodè, ẹrù mi ṣì wà ní wọ́ọ́fù, n kò rówó gbà á. Gbogbo oníbàárà mi ti ti ṣọ́ọ̀bù pa. Dákónì Josiah tó ń yọ́ idẹ nìkan ni iná ṣì ń jó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ta idẹ fún un ni?"

"N kò ní, kí ni n ó tà? Ẹ lọ bi í!"

Dákónì Josiah, ọ̀kan nínú àwọn dákónì ìjọ náà, ló ń da búṣì, òrùka idẹ tí ọ̀pá ẹ̀rọ ata ń yí nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà ló ń jẹun lábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Níbo lẹ ti rí idẹ?"

"Àlòkù ni. Mo ń ṣà á kiri ni."

"Dákónì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí àpótí Bíbélì yín tó wà lórí tábìlì yẹn fún mi."

Bàbá ṣí i. Abala idẹ kan wà lábẹ́ Bíbélì, wọ́n fi aṣọ funfun wé e. Olúyẹmí tú u, ó sì kà á: "Ogo ni fún Ọlọ́run."

"Oníṣẹ́ ọwọ́ ló ń tú bóòtì bẹ́ẹ̀," Olúyẹmí ṣàlàyé. "Ibi iṣẹ́ kan ṣoṣo sì ni iná kò ti kú nígbà tí idẹ wọ́n. Mo mọ̀ yín, sà. Ẹ lè yọ́ agogo, ṣùgbọ́n ẹ ò jẹ́ fi orúkọ Ọlọ́run síná, ẹ ò sì jẹ́ sọ ọ́ nù."

Josiah bú sẹ́kún. "Bí mo bá dá àwọn mẹ́fà yìí dúró, kí ni àwọn ọmọ wọn ó jẹ? Ọkàn mi ò gbà á."

Àánú rẹ̀ ṣe Olúyẹmí gan-an. Kò tilẹ̀ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n olè ni wọ́n rán an wá mú, ó sì ní láti mú un lọ.

Josiah bojú wẹ̀yìn wo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. "Ẹ má jẹ́ kí iná yẹn kú o."

Simon, tó dàgbà jù nínú wọn, wo inú kòkò òfìfo tí wọ́n fi ń yọ́ idẹ.

"Ọ̀gá," ló wí, "idẹ wo la ó fi sí i?"