Àdúrà Tó Wà Lábẹ́ Gìtá

Ìwọ tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, fara balẹ̀, má tíì fi nu ọwọ́. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ, kò sì gùn.

Onígìtá ni wọ́n ń pè é. Bó bá gbé gìtá kọ́rùn, wàá rò pé igi yẹn ń sunkún ni. Òun ló kó ẹgbẹ́ olórin wọn jọ: òun, onílù, ẹnì kan tó ń ta gìtá olóhùn nínípọn, àti ọmọ àbúrò ìyá ẹ̀ tó ń kọrin. Rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń ṣe, àmọ́ kì í ṣe èyí tí gbogbo ayé ń jó sí. Tiwọn ṣàjèjì. Á máa rọra lọ bí ẹni tó ń ráhùn, á tún ṣàdédé máa pariwo bíi páànù tí atẹ́gùn ṣí.

Orí ẹní kan náà ni òun àti akọrin yìí jọ sùn dàgbà. Onígìtá ló kọ́ ọ lórin. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe àwo orin wọn àkọ́kọ́, tí wọ́n gbé àwòrán tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀ wá, ojú akọrin ló kún un bámúbámú. Onígìtá ńkọ́? Èjìká ẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n rí, òjìji sì ti bo ìyẹn náà.

Ni onílù bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Bọ̀ọ̀dá, èjìká yín mà rẹwà o! Ẹ bá wa kí i."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Onígìtá náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ eyín lásán ni. Ọjọ́ yẹn ni owú kó sí i nínú bí ikán ṣe ń kó sí òpó ilé. Ìta ń dán, inú ti di ìyẹ̀pẹ̀. Bí wọ́n bá yin akọrin, oúnjẹ á korò lẹ́nu ẹ̀. Bó bá délé, ìyá ẹ̀ á ní, "Ọmọ mi tó ń kọrin dà?" Háà! Ìyá tó bí i lọ́mọ!

Àìsàn kan sì wà lọ́fun akọrin. Dókítà ní àwọn máa fi abẹ là á, àwọn ò sì lè sọ bí ohùn ẹ̀ ṣe máa rí lẹ́yìn ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sáré gba gbogbo orin náà sílẹ̀ kó tó wọ ọsibítù. Èyí tó bá wà nínú kọ̀ǹpútà, òun náà ni. Kò sí òmíràn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: gbogbo wọn á jọ kọ orin náà lẹ́ẹ̀kan. Akọrin á wà nínú yàrá onígíláàsì tiẹ̀, máìkì ẹ̀ á wà ní títàn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohùn kálukú á gba ọ̀nà tiẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà, wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá pò ó pọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n dá akọrin dúró sí ọsibítù, ẹni tó ń bá wọn gbohùn sílẹ̀ wà pẹ̀lú Onígìtá nídìí kọ̀ǹpútà, ó ní ebi ń pa òun. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi wo ibí. Tí mo bá jẹun dé, mo máa ṣe ẹ̀dà ẹ̀ pamọ́."

Ó wá ku Onígìtá nìkan. Sátánì ò pariwo o, ńṣe ló fàga jókòó tì í. Ó ní: bí ohùn ọmọ yìí bá pòórá, ta ni wọ́n máa bẹ̀ kó kọrin? Ṣebí ìwọ ni. Ojú ta ni wọ́n máa gbé síwájú?

Onígìtá nawọ́. Ó pa ohùn akọrin rẹ́ nínú orin àkọ́kọ́, ráúráú.

Ó kan ìkejì. Kó má baà ṣèèṣì pa gìtá tiẹ̀ rẹ́, ó pa àwọn yòókù lẹ́nu mọ́, ó fi ohùn akọrin nìkan sílẹ̀, ó ń gbọ́ ọ. Ọmọ náà kọrin, ó kọrin, ó dákẹ́. Onígìtá mọ ibẹ̀. Ibi tí gìtá ti ń dá sọ̀rọ̀ ni. Ìka ẹ̀ ti fẹ́ balẹ̀, ló bá gbọ́ ohùn kan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́:

"Jésù, ran bọ̀ọ̀dá mi lọ́wọ́. Má jẹ́ kí ọwọ́ wọn yẹ̀. Inú wọn ò dùn sí mi, Olúwa, mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Tó bá jẹ́ ohùn yìí ni, gbà á, kó o dá bọ̀ọ̀dá mi padà fún mi."

Onígìtá fa ìka ẹ̀ padà. Ó ṣí orin kẹta: àdúrà. Ó ṣí òmíràn: àdúrà. Gbogbo ibi tí gìtá ẹ̀ ti ń fọ́nnu, ọmọ yẹn wà lábẹ́ ẹ̀ tó ń bẹ Ọlọ́run nítorí ẹ̀, ariwo gìtá ni ò jẹ́ kẹ́nì kankan gbọ́. Ó wá sáré padà sórí orin àkọ́kọ́, kó gbọ́ àdúrà tibẹ̀.

Kẹ́kẹ́ pa. Òun fúnra ẹ̀ ló pa á rẹ́.

Ó forí lé ọsibítù, bàtà ọ̀tọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tọ̀. Ó bá akọrin lórí bẹ́ẹ̀dì, wọn ò tíì là á. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò!

"Mo pa orin ẹ rẹ́. Mi ò ṣèèṣì o. Owú ẹ ló ń jẹ mí."

"Orin wo?"

"Àkọ́kọ́."

"Háà, Bọ̀ọ̀dá. Èyí tí mo fẹ́ràn jù." Omi bọ́ lójú ẹ̀. Ó pẹ́ kó tó nawọ́ sí i. "Ẹ dìde, ilẹ̀ ibí ò mọ́. Orin kan ti ṣòfò, ẹ̀yin ò gbọdọ̀ ṣòfò. Mo dárí jì yín, àmọ́ tèmi kéré. Ẹ lọ bá Ẹni tó kú nítorí yín. Òun nìkan ló lè fa owú yẹn tu tegbòtegbò."

"Ṣé á gba irú èmi yìí?"

"Olè tó kọ́ sórí igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jésù ńkọ́? Ṣé gìtá ló fi bẹ̀ ẹ́ ni?"

Ni Onígìtá bá di bẹ́ẹ̀dì yẹn mú, ó ké bí ọmọdé. "Jésù, ẹni burúkú ni mí. Gbà mí." Ó sì gbà á. Nígbà tó máa fi dìde, ikán yẹn ti kúrò nínú òpó.

Wọ́n la akọrin, ẹ̀mí ẹ̀ dúró, ohùn ẹ̀ há. Àwo orin náà jáde. Orin àkọ́kọ́ ò ní ohùn èèyàn nínú. Onígìtá ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì bi í, á fẹnu ara ẹ̀ sọ ohun tóun ṣe. Nínú àwọn yòókù, ó ní kí wọ́n fa gìtá òun wálẹ̀ díẹ̀. Bó o bá gbétí sún mọ́ ọn, wàá gbọ́ àdúrà yẹn.

Ìwọ tó ò ń kà á ńkọ́? Ire ta ni ò jẹ́ kó o sùn? Ẹ̀gbọ́n ẹ ni? Àbí ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́? À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kóun lọ jẹ̀ láàtàn. Má ṣe bẹ́ẹ̀ o, ọmọ mi. Jésù ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ, ariwo ara ẹ ni ò jẹ́ kó o gbọ́.

Onígìtá sáré padà kó lè gbọ́ àdúrà inú orin àkọ́kọ́, àmọ́ ó ti pẹ́ jù. Kò rí i gbọ́ mọ́ títí di òní. Má dúró dìgbà yẹn. Fa gìtá ẹ wálẹ̀. Níbi tó o jókòó sí yìí náà, pe Jésù nísinsìnyí.