Àdúrà Tí Oyíndà Kọ̀ Láti Gbà

"Ẹ kó ẹrù yín jáde! Ẹ tètè kó ẹrù yín jáde!"

Ariwo yìí ni Oyíndà gbọ́ tó fi sáré jáde láti ilé ìdáná, tí ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Katakata ńlá kan ti dúró sẹ́nu ọ̀nà àdúgbò wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Galadimawa, àwọn ọlọ́pàá sì tò yí i ká. Ọdún 2006 nìyẹn, nígbà tí ìjọba ń wó ilé kiri Àbújá. Àmì pupa tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára ògiri wọn pé àwọn máa wó o ti pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Oyíndà kò bẹ̀rù rẹ̀. Òun ni olórí àdúrà ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní ìjọ wọn. Ó ti gbààwẹ̀, ó ti ṣàìsùn, ó sì ti dìde láàárín ìjọ, ó ní, "Ilé bàbá mi kò ní wó. Ọlọ́run ti gbọ́." Gbogbo ìjọ ló ṣe àmín.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, ilé náà ti wó. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, Ọgbẹ́ni Ọlábímtán. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kan gbogbo ilẹ̀kùn ilé ọ̀hún. Ó jókòó sórí àga láàárín ẹrù. Ìyá Oyíndà ń gbàdúrà títí eruku fi bò ó lójú. Oyíndà kò gbàdúrà. Ó kàn ń wo ògiri yàrá rẹ̀ bó ṣe ń ya lulẹ̀, ó sì ń ṣe é bíi pé nǹkan kan nínú òun náà ń ya lulẹ̀.

Alhaji Àtàndá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí bàbá Oyíndà máa ń ra pákó lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjà Dei-Dei, ló gbà wọ́n sílé. Ó fún wọn ní yàrá kan lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Dei-Dei níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó ní, "Kai, ẹ dìde jàre! Ohun tó bá ojú ló bá imú."

Láti ìgbà náà, bí ìyá rẹ̀ bá pè é sí àdúrà òwúrọ̀, Oyíndà á kúnlẹ̀, á dijú, ṣùgbọ́n kò ní bá Ọlọ́run sọ nǹkan kan. Ó fi ipò olórí àdúrà sílẹ̀. Ojú ń tì í. Gbogbo ẹni tó bá wò ó ló dà bíi pé ó ń rántí ohun tó sọ. Èyí tó tún wá dùn ún ju ìtìjú lọ ni ìbéèrè tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń gbọ́ rárá?

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni Fọláyan. Kíláàsì kan náà ni wọ́n wà, ìjọ kan náà ni wọ́n ń lọ. Ìyá Fọláyan, tó jẹ́ tíṣà, ló dá nìkan tọ́ ọ dàgbà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Fọláyan wọkọ̀ wá sí Dei-Dei, aṣọ ilé ìwé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú.

"Oyíndà, wọ́n ti dá màmá mi dúró sí ọsibítù. Wọ́n ní ọ̀la ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Jọ̀ọ́, bá mi lọ. Wá bá mi gbàdúrà."

Oyíndà ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. "Lọ pe Pásítọ̀."

"Pásítọ̀ ti rìnrìn àjò. Ìwọ ni mo fẹ́. Ìwọ lo mọ àdúrà gbà."

Ọ̀rọ̀ yìí ló bí i nínú. "Èmi? Èmi mọ̀ ọ́n gbà? Ilé wa dà, Fọláyan? Òfuurufú la kàn ń bá sọ̀rọ̀. Má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú. Bí wọ́n máa kú, wọ́n á kú."

Ó ti já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Fọláyan dúró, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n fọ́ létí. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó sì lọ. Oyíndà fẹ́ pè é padà, ṣùgbọ́n kò pè é. Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Ìyá Fọláyan kò jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà.

Oyíndà lọ síbi ìsìnkú, ẹ̀yìn àwọn èrò ló sì dúró sí. Fọláyan rí i, ó gbójú kúrò. Nígbà tí wọ́n padà sí ilé ìwé, Fọláyan kó ìwé rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n jọ ń jókòó sí, ó lọ bá àwọn tó wà lẹ́yìn. Ìdánwò WAEC ń sún mọ́lé, ṣùgbọ́n Oyíndà kò lè kàwé. Bó bá ti ṣí ìwé, ohùn ara rẹ̀ ló ń gbọ́: bí wọ́n máa kú, wọ́n á kú. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ìyá rẹ̀ bá a lẹ́yìn òkìtì pákó Alhaji, níbi tó ti ń sunkún.

"Mọ́mì, ṣé èmi ni mo pa wọ́n? Ká ní mo gbàdúrà ni…"

"Rárá o." Ìyá rẹ̀ jókòó tì í. "Ẹ̀mí wọn kò sí lọ́wọ́ rẹ. Má fi ìyẹn kún ẹrù tó wà lórí rẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ wá bá ọ nígbà ìpọ́njú, o sì lé e lọ. Ìyẹn ni tìrẹ."

Oyíndà nu ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ lè gbàdúrà. Èmi ò nígbàgbọ́ bíi tiyín."

"Ta ló sọ fún ọ pé ìgbàgbọ́ tèmi le tó bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ tí ilé wa wó, mo sọ fún Ọlọ́run pé Ó já mi kulẹ̀. Àárọ̀ mìíràn wà tí mo máa kúnlẹ̀, tí n kò ní rí nǹkan sọ ju 'Olúwa, ṣé O wà níbẹ̀?' lọ."

"Kí ló wá dé tí ẹ ṣì ń kúnlẹ̀?"

"Ta ni kí n tún lọ bi? Jésù fúnra rẹ̀, lórí igi àgbélébùú, bi Baba rẹ̀ pé kí ló dé tó fi kọ òun sílẹ̀. Baba rẹ̀ náà ló ṣì bi. Àdúrà nìyẹn, Oyíndà. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran."

Oyíndà kò jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú. Ó wọkọ̀ lọ sí Galadimawa, níbi tí Fọláyan ti ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀. Ó bá a níbi tó ti ń sá aṣọ.

"Fọláyan, ọ̀rọ̀ tí mo sọ burú. Jọ̀ọ́, má bínú."

Fọláyan sá aṣọ kan, ó tún mú òmíràn. Ó mú un dání, kò sá a.

"Ṣé mo ní kí o wo màmá mi sàn ni? Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́ ni Ọlọ́run. Èmi nìkan ni mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù yẹn, Oyíndà. Nígbà tí dókítà jáde sí mi, kò sí ẹni tí mo lè dì mọ́. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan jókòó tì mí ni."

Oyíndà gba aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bú sẹ́kún, Fọláyan náà sì bú sẹ́kún. Wọ́n jókòó sí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà títí ẹkún fi rọlẹ̀.

"Èmi náà ò lè gbàdúrà mọ́," ni Fọláyan wí. "Ọ̀rọ̀ kì í wá."

"Kì í wá fún èmi náà. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká jọ gbìyànjú."

Oyíndà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Olúwa, èmi Oyíndà ni. Inú ń bí mi sí Ọ. O jẹ́ kí ilé wa wó. O jẹ́ kí màmá Fọláyan lọ, n kò sì mọ ìdí rẹ̀. Nígbà mìíràn, n kò mọ̀ bóyá O ń gbọ́. Bí O bá ń gbọ́, má fi Fọláyan sílẹ̀. Má fi èmi náà sílẹ̀. Dárí ọ̀rọ̀ ẹnu mi jì mí. Ní orúkọ Jésù."

Àmín tí Fọláyan ṣe kò ròkè, ṣùgbọ́n kò fa ọwọ́ rẹ̀ yọ.

Kò sí iṣẹ́ ìyanu kan tó tẹ̀ lé e. Yàrá kan náà ni Oyíndà àti àwọn òbí rẹ̀ wà títí ìdánwò fi parí. Ìyá Fọláyan kò padà wá, iyèméjì náà sì ṣì máa ń yọjú. Àmọ́ àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì padà sórí bẹ́ǹṣì wọn, wọ́n jọ kàwé, wọ́n sì jọ yege.

Nígbà tí Pásítọ̀ ní kí Oyíndà tún wá darí àdúrà àwọn ọ̀dọ́, ó kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀.

"Mo rò tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò ṣiyèméjì rí nìkan ló lè gbàdúrà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí o bá ń ṣiyèméjì, gbé e wá síwájú Ọlọ́run bó ṣe rí; Ó lè gbé e. Ṣùgbọ́n má ṣe tìtorí pé ọkàn rẹ gbẹ, kí o fi ẹni tó nílò rẹ sílẹ̀ lóun nìkan. Jókòó tì í, kódà bí o kò rí ọ̀rọ̀ sọ."

Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n kúnlẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó lè lanu, ojú kò sì kán ẹnì kankan nínú wọn.